Ọkọ̀ Tó Ń Ṣí Ẹ̀yìn fún Sọ́jà

Nígbà tí àwọn ológun tún gba ìjọba, tí ìlú le, tí a sì ń wá ṣúgà kiri bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sínú iyanrìn, àwọn òyìnbó tó ń la gẹdú lẹ́bàá Ore bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ràn ọ̀gẹ̀dẹ̀ bàbá mi púpọ̀. Láti oko wa ní Ajue ni bàbá mi ti máa ń gbé e wá fún un lórí kẹ̀kẹ́, òyìnbó náà yóò sì jáde wá pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ó ń lọ sí ìlú rẹ̀, bàbá mi ni ó ta ọkọ̀ rẹ̀ fún.

Bàbá mi kò mọ ọkọ̀ wà. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, kò sì wá sí i lọ́kàn rí pé òun lè kọ́ ọ. Èmi ni ó gbójú lé. Olùkọ́ ni mí nígbà náà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ore, n kò tíì lọ́kọ, èmi àti bàbá mi nìkan ni a sì ń gbé ilé, nítorí pé ìyá mi ti kú ní ọdún tó ṣáájú. Àbúrò ìyá mi kan tó ń wa takisí ní Oǹdó ti kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà kí n tó gba iṣẹ́. Obìnrin tó ń wakọ̀ kò wọ́pọ̀ ní Ore nígbà yẹn. Bí mo bá ń kọjá ní ibùdókọ̀, àwọn awakọ̀ yóò máa fọn fèrè sí mi, bàbá mi yóò sì máa juwọ́ sí wọn bí ọba, bí ẹni pé òun ni wọ́n ń kí.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ dé ilé, bàbá mi ń yí i po ṣáá. Àwọ̀ rẹ̀ rí bí ìbẹ́pẹ tó ń pọ́n bọ̀. Kì í ṣe irú ọkọ̀ tí búùtù rẹ̀ dá yọ sẹ́yìn bí àpótí. Ilẹ̀kùn ńlá kan ni gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀, gíláàsì wà lára rẹ̀, òkè ni ó sì máa ń ṣí lọ bí ẹni tó yanu. A kì í fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i. Bọ́tìnnì kan wà níwájú awakọ̀. Bí o bá ti tẹ̀ ẹ́, wàá gbọ́ “ká!” lẹ́yìn, ilẹ̀kùn yóò sì gbéra fúnra rẹ̀. Òyìnbó náà tún ti so iná bíréèkì kékeré kan mọ́ ibi gíláàsì yẹn, yàtọ̀ sí àwọn tó wà lára ọkọ̀ tẹ́lẹ̀. Bàbá mi tẹ bọ́tìnnì náà títí àwọn aládùúgbò fi jáde síta.

“Wo iṣẹ́ òyìnbó,” ni ó ń wí. “Àfi bí ẹni pé ẹnì kan jókòó síbẹ̀ tó ń dáni lóhùn.”

Ìgbà òjò ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. À ń bọ̀ láti Ajue ní ọjọ́ Sátidé kan, a kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀gẹ́ sẹ́yìn ọkọ̀. Ọ̀nà náà kò dára, kòtò ni níwájú, kòtò ni lẹ́yìn. Mo tẹ bíréèkì níbi kòtò kan, mo bá gbọ́ “ká!” N kò fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan. Mo wo dígí, mo rí i pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti lọ sókè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì ń bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí èrò tó dé ibùdókọ̀ wọn.

“Ṣé o ò tì í dáadáa ni?” Bàbá mi ló bi mí bẹ́ẹ̀.

“Mo tì í, Bàbá. Ẹ̀yin náà rí mi nígbà tí mo tì í.”

A sọ̀ kalẹ̀, a ṣa ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa, bàbá mi sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn náà, ó fi gbogbo agbára gbá a mọ́lẹ̀. A kò rìn jìnnà tí kòtò mìíràn fi dé. Mo tẹ bíréèkì. Ká! Bí inú bá ti ń bí bàbá mi, ó máa ń gbàgbé Yorùbá tí gbogbo ayé ń sọ, Ìkálẹ̀ ni yóò máa fọ́n jáde. Ní ọjọ́ náà, láti inú igbó Ajue títí a fi yọ sí òpópónà márosẹ̀, Ìkálẹ̀ nìkan ni mo gbọ́. Nígbà tí a fi máa dé Ore, ó ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ti lọ jókòó sẹ́yìn láàárín ẹrù, ó na apá méjèèjì bò ó bí adìyẹ tó sàba.

A gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ rewáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó sanra, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé. Ó ní bọ́tìnnì ni, pé omi òjò ti wọ inú rẹ̀. Ó tú u, ó fi epo bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, ó dá a padà. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ kí ó lè máa wo ojú àgádágodo tó máa ń dì í mú, ó wá ní kí n tẹ bíréèkì. Mo tẹ̀ ẹ́. Àgádágodo náà kò mira rárá.

“Ó ti tán,” ni ó wí. “Ẹ máa gbé e lọ.”

A dúpẹ́, a ti ilẹ̀kùn, a sì kúrò níbẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gan-an, ewúrẹ́ kan kọjá, mo tẹ bíréèkì. Ká! A gbọ́ ẹ̀rín rewáyà lẹ́yìn wa.

Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Ó já wáyà bọ́tìnnì kúrò pátápátá, ó ní ẹni tí kò lẹ́nu kò lè pe ẹnikẹ́ni. Ó tún ṣí ilẹ̀kùn sókè, a tún dán an wò, àgádágodo dákẹ́. Nígbà tí a dé oríta, ilẹ̀kùn tún gbéra. Páàtì tuntun kò sí, ọkọ̀ ojú omi tó ń kó o wá kò wọlé mọ́. Ó ní kí a fún òun ní àkókò kí òun wá àgádágodo mìíràn lára àwọn ọkọ̀ tó ti kú. A gbà.

Kí ó tó rí i, a pàdé sọ́jà.

Sọ́jà kún òpópónà márosẹ̀ nígbà yẹn. Wọ́n ń wá ọjà tí wọ́n ní àwọn oníṣòwò ń fi pamọ́: mílíìkì, ṣúgà, ìrẹsì, ọṣẹ. Bí wọ́n bá ní kí o ṣí búùtù, tí o bá ń fa ẹsẹ̀, o lè fi ìyókù ọ̀sán náà fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lẹ́bàá títì. Mo ti rí ọkùnrin oníkóòtù tí ó ń fò bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lọ́wọ́. Nítorí náà, nígbà tí sọ́jà gíga kan na ọwọ́ sókè níwájú wa lẹ́bàá Ore, ẹ̀rù bà mí. Wáyà bọ́tìnnì wa ti já. Bí ó bá ní kí n ṣí ẹ̀yìn, kí ni mo fẹ́ fi ṣí i?

Mo tẹ bíréèkì. Ká! Ẹ̀yìn ọkọ̀ yanu.

Sọ́jà náà dúró. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wò mí, ó rìn lọ sẹ́yìn, ó gbé ẹ̀gẹ́ kan sókè, ó sì dá a padà. Ó wá pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń fi pijín sọ fún wọn pé kí wọ́n wá wo ọmọ Nàìjíríà rere, pé òun kò tíì la ẹnu tí obìnrin yìí ti ṣí ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní bí gbogbo aráàlú bá rí báyìí ni, àwọn ì bá ti padà sí bárékè tipẹ́. Ó yíjú sí bàbá mi, ó kí i pé ó kú ọmọ títọ́.

Bàbá mi, tí ó ti di ilẹ̀kùn mú gírígírí, bá na àyà. “Bí a ṣe kọ́ ọ nílé nìyẹn,” ni ó wí.

Sọ́jà fúnra wọn ni wọ́n bá wa ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí a rìn jìnnà díẹ̀, mo wo bàbá mi, ó wò mí. Ẹ̀rín kọ́kọ́ gbé èmi, ó wá gbé òun náà. N kò tíì gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí a ti sin ìyá mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ní kí n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kí òun lè mí. Nígbà tí mo dúró, ẹ̀yìn tún ṣí, ẹ̀rín mìíràn tún bẹ̀rẹ̀.

“Rewáyà kankan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́,” ni ó wí. “Ohun tí Ọlọ́run fi ṣe wá lóore ni.”

Bí a ṣe fi í sílẹ̀ nìyẹn. Okùn ni a fi ń di ẹrù mọ́lẹ̀. Àwọn sọ́jà tó wà lójú ọ̀nà Ore wá mọ ọkọ̀ aláwọ̀ ìbẹ́pẹ náà. Bí wọ́n bá ti rí wa lókèèrè, òmíràn nínú wọn yóò ti máa juwọ́ pé kí a kọjá. Bàbá mi wá ń fi mí yangàn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ìgbà tí mo bá ní ó yẹ kí a tún nǹkan náà ṣe, yóò ní kí n jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀.

Àsìkò ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Odigbo dé. Ibẹ̀ ni àwọn òbí bàbá mi ti ń jọ́sìn, ọdọọdún ni ó sì máa ń mú nǹkan lọ síbẹ̀. Ọdún náà, òbúkọ ńlá kan ni ó fẹ́ mú lọ, dúdú, onírùngbọ̀n, tó ń wo èèyàn bí ẹni pé o jẹ ẹ́ ní gbèsè. A fi okùn dè é mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, bàbá mi wọ agbádá funfun, a gbéra. A kò mọ̀ pé òbúkọ ti ń jẹ okùn lẹ́nu láti ìgbà tí a ti kúrò nílé.

Ní oríta Ore, bọ́ọ̀sì gbọọrọ kan yà sí wa lójijì. Mo tẹ bíréèkì. Ká! Òbúkọ bẹ́ sílẹ̀. Ó gba abẹ́ tábìlì ẹni tó ń ta ẹran ìgbẹ́ yíyan, ó gba àárín àwọn èrò tó sọ̀ kalẹ̀ láti jẹun, ó dorí kọ òpópónà. Àwọn èèyàn ń pariwo, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń jáde nínú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí agbádá funfun. Bàbá mi ti ń sáré tẹ̀lé òbúkọ lọ sáàárín títì, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì.

Tírélà kan ń bọ̀ láti apá Benin. Mo gbọ́ fèrè rẹ̀, mo gbọ́ igbe táyà lórí ọ̀dà, èéfín rọ́bà sì bo gbogbo ibẹ̀. Nígbà tí èéfín lọ, bàbá mi dúró níwájú tírélà náà, kò sì sí àyè tí èèyàn lè gbà kọjá láàárín òun àti irin iwájú rẹ̀. Ó di agbádá rẹ̀ mú lọ́wọ́ bí aṣọ tí ó fẹ́ sá. Awakọ̀ tírélà sọ̀ kalẹ̀, ó fẹ́ bú u, ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí ewú orí rẹ̀, ó kàn dì í lápá mú, ó mú un kọjá sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹran lásán ni o.”

Sọ́jà ni ó bá wa mú òbúkọ. A dé Odigbo, wọ́n kọrin, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì ta òbúkọ náà ní gbàǹjo níwájú pẹpẹ. Bàbá mi kò bá wọn jó. Nígbà tí a ń bọ̀, tí a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilé, ó yíjú sí mi.

“Ìyá rẹ ì bá ti bú mi,” ni ó wá wí. “Lọ́la, a ó gbé e lọ sọ́dọ̀ rewáyà.”

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ilé ìwé, a gbé e lọ. Rewáyà ti rí àgádágodo kan, ó fi í rọ́pò. Ó ṣí ilẹ̀kùn sókè bí ó ti máa ń ṣe, ó ní kí n tẹ bíréèkì, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. A ti ilẹ̀kùn, mo tẹ bíréèkì. Ká!

Rewáyà jókòó lórí táyà, ó nu ojú rẹ̀. Ó ní òun ti mọ̀ pé láti bíréèkì ni iná náà ti ń wá, nítorí òun ti já wáyà bọ́tìnnì. Ibi tí ó ti ń yà sí ilé onílé ni òun kò mọ̀. Èmi dúró, mo ń wo ilẹ̀kùn tó wà lókè. Mo wá rò ó pé, gbogbo ìgbà tí a bá dán an wò, òkè ni ó máa ń wà. Gbogbo ìgbà tí ó bá sì bàjẹ́, ńṣe ni a ti tì í.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, bí ilẹ̀kùn bá wà lókè, kì í dún. Bí a bá tì í nìkan ni. Ó ní ohun tó máa ń yí padà bí a bá tì í.”

Rewáyà wò mí. Ó dìde, ó gbé ọwọ́ lé ibi tí ilẹ̀kùn ti so mọ́ òrùlé ọkọ̀. Rọ́bà dúdú kan wà níbẹ̀ tó dà bí ìfun, inú rẹ̀ ni gbogbo wáyà ń gbà láti òrùlé bọ́ sínú ilẹ̀kùn. Bí ilẹ̀kùn bá wà lókè, rọ́bà náà á na tààrà. Bí a bá tì í, á ká kò.

“Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀,” ni ó wí, “kí a sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, kí ó máa wò ó.”

A wo ikùn rẹ̀. Òun náà wò ó.

Bí ó ṣe di èmi nìyẹn. Mo so ìró mi, mo wọlé, mo dùbúlẹ̀ lórí ibi tí à ń kó ẹ̀gẹ́ sí, mo kọjú sókè, ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ mi. Rewáyà ti rọ́bà náà sẹ́yìn kí wáyà inú rẹ̀ lè hàn, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn. Ooru bò mí, òórùn epo pupa àti ti òbúkọ sì kún imú mi. Níwọ̀n ìgbà tí rewáyà fẹ́ dúró lẹ́yìn kí ó lè gbá ilẹ̀kùn mú bí ó bá ṣí, bàbá mi nìkan ni ó kù tó lè tẹ bíréèkì. Mo gbọ́ nígbà tí ó wọlé, tí ó jókòó sórí àga awakọ̀.

“Èwo ni mo fẹ́ tẹ̀?” ni ó ké sí mi.

“Èyí tó wà láàárín, Bàbá.”

Ó tẹ èyí tó wà lápá òsì. Kò sí nǹkan. Ó tún gbìyànjú, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kan fèrè, fèrè dún, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má bínú. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wá dé orí bíréèkì.

Mo rí i. Ní ibi tí wáyà ti ká kò, ara méjì nínú wọn ti bó, bàbà inú wọn hàn fòó, wọ́n sì fara kan ara. Iná kékeré kan ta pàrà láàárín wọn, “ká!”, ilẹ̀kùn gbéra, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán sì ya wọ ojú mi.

“Mo rí i!” Mo ń pariwo. “Mo rí i, Bàbá! Ẹ tún un tẹ̀!”

A tún un ṣe. Kì í ṣe pé a ṣì nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n rewáyà náà fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i, ó fi orí nìkan wọlé láti ẹ̀gbẹ́, bàbá mi sì ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń tẹ dùùrù. Wáyà kan nínú méjèèjì ni ó ń lọ sí iná kékeré tí òyìnbó fi kún ọkọ̀, èkejì sì ni ti àgádágodo. Gbogbo ìgbà tí iná náà bá fẹ́ tàn, ó ń fún àgádágodo jẹ nínú oúnjẹ rẹ̀. Rewáyà gé ibi tí ó bó, ó fi wáyà tuntun so wọ́n, ó fi téèpù wé e lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó dá wáyà bọ́tìnnì padà. A ti ilẹ̀kùn. Bàbá mi tẹ bíréèkì. Ilẹ̀kùn dákẹ́. Ó tún un tẹ̀. Ó dákẹ́.

Rewáyà ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ tán, èmi ti gbọn eruku kúrò lára, bàbá mi kò tíì dìde kúrò níbẹ̀. Ó di ìdarí ọkọ̀ mú, ó ń wo títì níwájú.

“Bàbá, ẹ bọ́ sílẹ̀ kí a máa lọ.”

“Èyí tó wà láàárín ni bíréèkì,” ni ó wí. “Kí ni iṣẹ́ èyí tó wà lósì yìí?”

Mo ṣàlàyé fún un. Ó bi mí nípa ti ọ̀tún. Mo ṣàlàyé ìyẹn náà. Ó ní kò le tó bí òun ṣe rò ó.

Lórí pápá ilé ìwé wa ni mo ti kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti lọ tán. Ó máa ń dì í mú bí ẹni tó di òbúkọ lókùn, ó sì máa ń bá ọkọ̀ náà sọ̀rọ̀. Ó pa igi ìbẹ́pẹ kan. Ó wó ọ̀kan nínú òpó góòlù. Ọ̀gá ilé ìwé wa fẹ́ bínú, bàbá mi gbé igi méjì wá láti oko, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rì í, ó sì dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí kòkó ọdún náà tó gbẹ tán, ó ti ń dá wakọ̀ lọ sí Ajue, ó ń lọ jẹ́jẹ́ débi pé àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń yà á sílẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà ní Araromi-Obu tí wọ́n jọ dàgbà. Ọ̀nà igbó ni, ó jìn, àwọn méjèèjì kò sì lè gun kẹ̀kẹ́ débẹ̀ mọ́, nítorí náà ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ríra gbẹ̀yìn. Lọ́jọ́ Sátidé kan, bàbá mi ní kí n wọ aṣọ kí n tẹ̀lé òun. Òun ni ó wà á. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo di ilẹ̀kùn mú, ẹsẹ̀ mi ń tẹ bíréèkì tí kò sí níbẹ̀. Nígbà tí a dé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ jáde wá pẹ̀lú ọ̀pá, ó ń wo ọkọ̀, ó ń wá awakọ̀.

“Ta ló gbé ọ wá?” ni ó bi í.

“Sún mọ́bí,” bàbá mi wí, ó sì ṣí ilẹ̀kùn fún un. “Wọlé ná. Jẹ́ kí n gbé ọ yí ìlú yín ká.”

Mo bọ́ sílẹ̀ fún wọn. Mo jókòó sábẹ́ igi ọdán ilé rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ fún mi ní omi, a sì ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ náà káàkiri ìlú títí oòrùn fi rọlẹ̀.